Ìlà Pupa Tó Gba Àárín Ilé Wa Kọjá

Chengdu, Ṣáínà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Dádì mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ilé, ẹ kú àìrí Mọ́mì, ẹ kú ooru tí ẹ̀gbọ́n mi Christabel ní kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti gbà kẹ́ ẹ máa gun àtẹ̀gùn? Níbí, òtútù ṣì ń mú, ṣùgbọ́n mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, kò sì sí ohun tó ń ṣe mí.

Irọ́ ni mo pa yẹn. Ohun kan ń ṣe mí. Láti ọjọ́ tí mo ti fi àwòrán ilẹ̀ yẹn sórí wọ́ọ̀sáàpù ẹbí ni mo ti ń pè yín tí fóònù yín kò lọ. Christabel ní ẹ pa á ni, ẹ jù ú sínú àpótí aṣọ, ẹ ní bí àbúrò òun bá ní ọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ tó lọ sílé ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Òun ni yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fèsì, á yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi.

Dádì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Olùkọ́ wa ló fún wa níṣẹ́ àṣetiléwá: kí kálukú ya ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá fún orílẹ̀-èdè tirẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò níbí. Mo ya tiwa láti Kánò, ó gba Kàdúná, ó gba Àbújá, Lọ́kọ́ja, Òṣogbo àti Ìbàdàn, ó sì já sí Èkó. Olùkọ́ ní ibi tó bá ti wọ ìlú, kí á má ya ohun tí a kò mọ̀. Nínú gbogbo Èkó, Pápá Àjàó nìkan ni mo lè di ojú mi kí n rìn já. Nígbà tí ìlà náà dé àdúgbò wa, mo rí i pé ilé ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ. Mo ronú títí. Bí mo bá yà á gba ilé Alhaja Sẹ̀kínátù tó múlé tì wá, ẹ̀rí ọkàn mi kò ní jẹ́ kí n sùn. Bí mo bá yà á gba ìsọ̀ àwọn tó ń kan àga, oúnjẹ àwọn èèyàn ni mo gbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ kí aráyé yọ̀ǹda ohun kan, kó kọ́kọ́ yọ̀ǹda tirẹ̀. Ni mo bá yà á gba ilé wa. Mo tiẹ̀ rò pé inú yín á dùn sí i. Mo tún gbólóhùn yẹn kà báyìí, mo rí i pé ìwà òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ká ní ẹ rí ọkọ̀ yìí ni. Láti ìlú tí mo wà sí Chongqing fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà tó Èkó sí Ìlọrin. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi ọdún wọn. Búrẹ́dì tí mo rà ní ibùdókọ̀ ni mo ṣì ń jẹ tí wọ́n fi ní a ti dé. Omi inú ife ìyá àgbà tó jókòó tì mí kò mì. Ó ní òun ń lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ ọmọ òun ni, òun á padà sílé kílẹ̀ tó ṣú. Dádì, Mọ́mì ni mo rántí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Àbújá, ẹ̀ẹ̀mélòó la ń rí wọn lọ́dún? Bí wọ́n bá lè kúrò ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án Fraidé kí wọ́n sì bá yín jẹun alẹ́ ọjọ́ náà ní Pápá Àjàó, ṣé ìyẹn kò tó ohun tí ọmọ lè ya ìlà sí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan fóònù.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Máyọ̀kún

*

Pápá Àjàó, Múṣin
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Máyọ̀kún,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Má bèèrè orúnkún mi mọ́. Ẹni tó fẹ́ wó ilé, kí ló kàn án pẹ̀lú ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn ibẹ̀?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwọ wo ilé, o mú bírò pupa, o sì fi gba àárín rẹ̀. Ṣé o mọ ibi tí ìlà rẹ kọ́kọ́ kàn kó tó dé yàrá mi? Ojú oórì Màmá Ìjẹ̀ṣà. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, tó pọ̀n ọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wọ́lẹ̀. Àárín àgbàlá la sin ín sí, a fi táìlì bò ó, orí rẹ̀ ni mò ń gbé àga mi sí láràárọ̀ kí n lè kí i kí n tó kí ẹnikẹ́ni láyé. Orí ìyá mi ni o fẹ́ kí ọkọ̀ àwọn ará Kánò máa gbà kọjá. O tún ní o rò pé inú mi á dùn.

Yé fi ìyá rẹ bojú. Kì í ṣe ìyá rẹ ló rán ọ.

Ọkọ̀ tí o ń pariwo rẹ̀ yìí, kí ni yóò máa gbé e? Iná ọba? Iná ọba tí kì í dúró kí n fi lọ ẹ̀wù kan tán ni yóò ti ọkọ̀ láti Kánò dé Èkó? Bí màlúù bá bọ́ sójú irin ńkọ́? Bí àwọn kan bá tú irin náà tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin ńkọ́? Agbára ta ni yóò ká owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀? Ṣé àwọn tó ń ran bàtà ní àdúgbò wa ni, àbí àwọn tó ń wọ bàlúù lónìí? Àwa la ó gbé ilé sílẹ̀, àwọn ni yóò jókòó. Ọgbọ́n tí o rìnrìn àjò lọ kọ́ nìyẹn?

Gbọ́ èyí tó kù. Àmúsà, akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù wa, tí mo kọ́ ní ìṣirò kó tó wá fẹ́ àbúrò mi, wà lórí wọ́ọ̀sáàpù ẹbí. Ó ti tẹ àwòrán rẹ jáde, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé. Gbogbo èèyàn ń fi ìka tọpa ilé tirẹ̀ lórí rẹ̀. Èmi náà ti ra òdà. Mo ti kọ ọ́ síwájú ilé ní lẹ́tà gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. KÌ Í SÌ Í ṢE WÍWÓ.

Èmi ni baba rẹ, àfi bí o bá tún fẹ́ ya ìlà gba ìyẹn kọjá.

Ìbíkúnlé

*

Chengdu
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Dádì mi,

Ẹ kú ìbínú. Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbà.

Mi ò rántí Màmá Ìjẹ̀ṣà. Mo mọ̀ pé kò dáa kí n kọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Àwòrán tí wọ́n yà láti ojú òfurufú ni mo lò, òrùlé páànù nìkan ló hàn níbẹ̀. Sátẹláìtì kì í ya ojú oórì. Mo wo òrùlé ilé tí mo gbé dàgbà, mi ò sì ronú kan ẹni tó sùn sí àgbàlá rẹ̀. Ó ń dùn mí débi pé mo ń ronú bóyá iṣẹ́ yìí tiẹ̀ tọ́ sí mi.

Ṣùgbọ́n ẹ bi mí ní ìbéèrè, kò sì yẹ kí n dákẹ́ bí ẹni tí kò kàwé. Iná ọba ni yóò gbé e, òótọ́ ni, kì í ṣe irú tiwa yìí. Wọ́n á kọ́ ibùdó iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ò rí i pé orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ yìí rìn kò ní lè máa ṣe iná bí ó ti ń ṣe é mọ́? Ti màlúù, orí afárá ni ojú irin náà ń gbà níbi tó pọ̀, wọ́n á sì fi ọgbà yí ìyókù ká. Ti tíkẹ́ẹ̀tì, mi ò lè jiyàn, ẹ̀rù ìyẹn ń ba èmi náà. Níbí, akọ̀wé, alágbàṣe, ìyá àgbà, gbogbo wọn ni mo rí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí tiwa yóò ṣe rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí èrò bá ní ojú irin tiwọn, ti àtijọ́ á ṣófo fún ẹrù, tòmátì Kánò kò ní máa di omi lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá á lè máa gbé Ìbàdàn, tí kò fi ní máa san owó ilé Èkó. Àwọn awakọ̀ tó ń fi òru já lọ sí Àbújá pẹ̀lú oorun lójú á dín kù. Ẹ ṣì rántí ọmọ Bàbá Gbádé tí irú wọn pa lójú ọ̀nà.

Ẹ ní kí n má fi Mọ́mì bojú. Dádì, ọjọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbọ́wọ́ lé wa lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì, Fraidé ni Mọ́mì kúrò ní Àbújá. Wọ́n dé ní ọ̀sán Sọ́ńdè, a ti ń to àga padà. Wọ́n wọ ẹ̀wù ayẹyẹ, eruku bo ojú wọn. Ẹ̀yin kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi padà, àfi bí ẹni pé àwọn ló ṣe ojú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn rẹ́. Ní Èkó, ilé tí wọ́n bá kọ “kì í ṣe títà” sí lára ni gbogbo ayé ń fura sí. Ẹni tó bá ń kọjá á ní ohun kan ń bọ̀ nìyẹn.

Mo sì ti tún àwòrán náà yà. Mo jẹ́ kí ìlà náà yẹra fún ilé wa, kó yí i ká, bí ọmọ tó gba ẹ̀yìn àgbà kọjá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa fi sílẹ̀.

Máyọ̀kún

*

Chengdu
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Dádì mi,

Ẹ kò fèsì. Mo ń yọ fóònù wò nínú kíláàsì títí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ mi. Mo kí yín síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ kú ọ̀sẹ̀ ìjìyà Olúwa.

Mo gbé àwòrán kejì lọ. Olùkọ́ wa, obìnrin kúkurú kan tí kì í bá èèyàn ṣàwàdà, fi ìka lé ibi tí ìlà náà ti yí. Ó ní, “Kí ló wà níbí? Òkè ni? Àbí odò?”

Mo ní, “Ilé bàbá mi ni.”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ̀ tó ń sáré tóyẹn kì í ya kọ́nà bí ọ̀kadà. Bó bá fẹ́ yí, á gbà tó odidi ìlú. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá rélùwéè kò sí ní ìlú wa. Mo ní ó wà. Ó ní níbo? Mo fi hàn án: èyí tó gba Yábàá, tó gba Múṣin àti ẹ̀bá Ìlúpéjú lọ sí Agége. Ó ní, “Kí ló dé tí o fi ń wó ilé àwọn èèyàn? Ọkọ̀ tó ń wọ ìlú ti dín eré kù. Ilẹ̀ rélùwéè tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò gbà wọlé. Eré ńlá, lẹ́yìn ìlú la ti ń sá a.”

Dádì, mò ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ yẹn láti kékeré, mi ò sì ronú kàn án. Ó fún mi ní òdo fún apá Èkó. Èmi ni mo gbẹ̀yìn. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún, ṣùgbọ́n nígbà tí mo nu ojú tán, inú mi dùn. Ìlà kankan kò gbọ́dọ̀ kan ilé wa, kò gbọ́dọ̀ kan ti ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣì í yà.

Àṣé ìyà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Christabel ní ejẹ́ntì ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Mobọ́lájí ń gba ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú àwòrán mi àkọ́kọ́. Ó ń sọ pé kí wọ́n tètè ta ilé fún òun ní pọ́ọ́kú, nítorí ẹni tó bá dúró de owó gbà-má-bìínú ìjọba, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò gbà á. Christabel tún ní Alhaja Sẹ̀kínátù ti gbà, ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé níwájú ẹgbẹ́ ní Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde. Alhaja tí ọkọ rẹ̀ kú, tó fi bọ́tìnnì àti òwú títà parí ilé náà! Alhaja tó tì mí sábẹ́ tábìlì rẹ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ìta ń ju ìgò!

Mo ti kọ ohun tí ẹ ó kà ní ìpàdé. Kò gùn. Òun nìyí:

“Èmi Máyọ̀kún Ìbíkúnlé ni mo ya àwòrán yìí. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Ìjọba kọ́ ló rán mi, kò sí ìjọba tó rí i. Mo ṣì í yà, mo sì gba òdo. Bí ọkọ̀ ayára-bí-àṣá bá wá sí Èkó lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ rélùwéè ló yẹ kó gbà wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má ta ilé nítorí mi.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á.

Máyọ̀kún

*

Pápá Àjàó
Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Máyọ̀kún,

Olúwa jíǹde lónìí. Ìwé ìtìjú rẹ ni Christabel fi kí mi kú ọdún.

O fẹ́ kí n dìde níwájú àwọn tí mo kọ́ ọmọ wọn ní ìṣirò, kí n ka òdo ọmọ tèmi sí wọn létí. O fẹ́ kí Àmúsà rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ìgbà wo ni mo di ẹni tó ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ?

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o kò mọ̀ fún ọ. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ àwòrán náà, gbogbo ilé ìpàdé yíjú sí mi. Wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé òótọ́ ni?” Kí ni kí n wí? Kí n ní eré ọmọdé ni ọmọ mi ń ṣe ní Ṣáínà? Inú ń bí mi sí ọ, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ti ìta. Mo ní ọmọ mi kì í ya ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀. Mo ní àwọn tó rán an níṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Olùkọ́ rẹ ló rán ọ. Bí wọ́n bá ní ìjọba ni mò ń wí, etí wọn ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń dìde fún mi kí n jókòó. Alága fúnra rẹ̀ ń pè mí ní Baba Ẹnjiníà.

Alhaja kì í ṣe ọmọdé. Ó lójú, ó lẹ́nu, ó bímọ. Bó bá fẹ́ ta ilé rẹ̀, ṣé èmi ni mo fún un ní bírò?

Ìyá rẹ ti pè láti Àbújá, lórí fóònù Christabel. Ó ní kí n ka ìwé rẹ. Mo ní bó bá dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, kó wá kà á fúnra rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì dára fún ara yín.

Ọkọ̀ rẹ kò tíì dé, ó ti kó ìjà wọ ilé. Ó ti sọ àwọn aládùúgbò di ẹni tí kì í wo ojú ara wọn. Èyí ni ìdàgbàsókè tí o ń wí?

Ìbíkúnlé

*

Chengdu
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Dádì,

Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, èyí tó bá bá yín. Mo fẹ́ kọ èyí kí n tó tún bẹ̀rù.

Mo ti pe Alhaja fúnra mi. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní iṣẹ́ ilé ìwé ni, mo ní mo tiẹ̀ gba òdo. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Máyọ̀kún ọmọ mi, o ṣeun. O fẹ́ tù mí nínú ni. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ti sọ̀rọ̀ láàárín àgbà. Ṣé ìwọ tí mo fọ ìdí fún ni kí n gbà gbọ́, kí n fi Tíṣà sílẹ̀?” Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n gé e.

Ṣé ẹ rí i? Bí mo bá búra títí, ọmọdé ni mí. Ẹnu yín ló sọ àwòrán mi di ti ìjọba. Ẹnu yín nìkan ló lè sọ ọ́ di iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé padà.

Ẹ bi mí bóyá ìdàgbàsókè nìyí. Rárá. Ohun tó ń pa ìdàgbàsókè nìyí. Ibi tí ọkọ̀ bá ń dúró sí ni ọjà ń hù, ilẹ̀ ibẹ̀ a sì gbówó lórí. Irú Alhaja ló yẹ kó jẹ èrè yẹn, kó sọ yàrá iwájú di ìsọ̀ kó máa ta bọ́tìnnì fún ará Òṣogbo tó wá tó sì fẹ́ padà lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn Mobọ́lájí ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́, àwọn ẹni iyì ló sì máa ń dákẹ́ nítorí pé wọ́n ń dìde fún wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù ohun rere fi ń ba àwọn èèyàn wa. Bí ọkọ̀ yìí bá máa fi ilé opó bẹ̀rẹ̀, mi ò kọ́ ọ mọ́. Màá wọ bàlúù padà wá kí n bá Alhaja to bọ́tìnnì.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá ṣìṣe nínú ìṣirò, kó fa ìlà sí i níṣojú gbogbo kíláàsì, kó tún un ṣe. Èmi ti fa ìlà sí tèmi. Ó ku tiyín.

Bí ọ̀rọ̀ mi bá ti kọjá ààyè, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní pa èyíkéyìí nínú rẹ̀ rẹ́.

Máyọ̀kún

*

Pápá Àjàó
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Máyọ̀kún,

O kọ̀wé sí mi bí ẹni tí kò ní baba. Mo ti tọ́jú lẹ́tà náà. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá bímọ, màá kà á sí i létí.

Ìpàdé ti parí ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Kò sí ohun tó sọ pé kí n kà á. Mo fi ìwé rẹ sí àpò, mo gbé àga kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún ìyá rẹ, torí ó ti wọ mọ́tò ní Àbújá láti àárọ̀ àná. Mo fẹ́ kó wá kà á, kó mọ bí ìtìjú ṣe ń rí lẹ́nu. A gbàdúrà, kò dé. Wọ́n ka ìwé ìpàdé tó kọjá, kò dé. Mobọ́lájí tẹ́ ìwé síwájú Alhaja, ó fún un ní bírò tó ń dán. Alhaja mú bírò. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Tíṣà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ṣé ó máa rọra lórí Màmá Ìjẹ̀ṣà? Tèmi ti tán. Ti ọ̀rẹ́ mi ni mò ń rò.”

Mo wo àga tó ṣófo. Mo dìde.

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi òdo, Àmúsà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ibẹ̀ kà.” Mo tún un kà. Ó ní, “Òdo? Ọmọ yín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nà mí ní pàṣán nítorí pé mo gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá!” Gbogbo gbọ̀ngàn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo dúró. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo fi èyí tí o kò kọ kún un. Mo ní, “Ẹ bi mí bóyá òótọ́ ni, mo sì fi ẹnu àgbà tàn yín. Ọmọ náà kò tan ẹnikẹ́ni. Òdo tèmi tóbi ju tirẹ̀ lọ.” Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín síyẹn.

Mobọ́lájí ní òwò ṣì ni òwò, kí ìyá fọwọ́ sí i. Alhaja ká ìwé náà sí méjì, ó dá a padà fún un. Bírò náà, inú pọ́ọ̀sì rẹ̀ ló jù ú sí. Ó ní, “Bírò yìí dára. Mo dúpẹ́.” Mobọ́lájí kó àpò rẹ̀, ó jáde. Àmúsà fa àwòrán rẹ ya kúrò lára ògiri. Nígbà tí a jáde, Alhaja gba iwájú mi kọjá bí ẹni pé òpó iná ni mí. A ti jọ ń gbé láti ìgbà tí o kò tíì sí láyé, kò kọjá lára mi láìkí mi rí. Ilé rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ Mobọ́lájí, ṣùgbọ́n èyí kò bọ́ lọ́kàn mi. Tọ́jú ìyẹn náà mọ́ èrè ìmọ̀ rẹ.

Má rò pé o ti borí. Mi ò nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ. Mi ò gbàgbọ́ pé a lè tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara ògiri kò ní kúrò níbẹ̀. Ìwọ ni yóò wá fi ọwọ́ ara rẹ pa á rẹ́.

Ìyá rẹ pe Christabel nígbà tí mo wọlé. Táyà bẹ́ lẹ́yìn Lọ́kọ́ja lánàá, wọ́n sùn sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n ti ń bọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n awakọ̀ náà kò sùn, ó sì ń sáré. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá mo ti ka ìwé rẹ. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé.

Mo gbé àga sórí Màmá Ìjẹ̀ṣà, mo kọjú sí géètì. Iná ọba ti lọ. Mo ti tan fóònù mi. Nítorí rẹ̀ ni o, kì í ṣe nítorí tìrẹ. Má pè mí lálẹ́ yìí, kó má lọ jẹ́ pé ìgbà tí ìwọ bá ń sọ̀rọ̀ ni òun máa pè.

Iṣẹ́ tí o gba òdo rẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n á jẹ́ kí o tún un ṣe?

Yà á dáadáa.

Ìbíkúnlé